Ìwádìí Tí Kò Dé Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Prof, kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?" Ó kàn mí dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń ṣe másítàs nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń wá mi wá jù. Wọ́n á gbé ìwé ìbéèrè wọn wá pé kí n bá àwọn wo Yorùbá inú rẹ̀. Tí mo bá wò ó tán, èmi náà á ní kí wọ́n padà mú ìròyìn ìwádìí náà wá nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, kí n kà á. Mo ti ka púpọ̀ díẹ̀ báyìí. Lámèyítọ́ ohun tí mo rí nínú wọn ni mo fẹ́ ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ṣe rí. Ẹni tó ń ṣe másítàs nínú iṣẹ́ yìí kì í jókòó sí kíláàsì nìkan. Wọ́n á rán an lọ sí wọ́ọ̀dù fún ìgbà díẹ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní pósítìn tàbí practicum. Súpáfáísọ̀ kan á wà ní yunifásítì, nọ́ọ̀sì àgbà kan á sì máa mójú tó o ní wọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ìṣòro kan jáde nínú ìtọ́jú aláìsàn, á bi èèyàn léèrè, á kó ohun tó rí jọ, á wá kọ ìròyìn. Ètò tó dára ni. Ó jọ ìkọ́ṣẹ́ tí a mọ̀ láyé àtijọ́: kò sí ọmọ-iṣẹ́ tó ń fi ìwé kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ló ń jókòó sí tí á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi ò bá ètò náà jà. Ohun tó ń sọnù láàárín wọ́ọ̀dù sí ìwé ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Nínú ìròyìn kan lórí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ka màmá àgbàlagbà kan mọ́ àwọn tó kọ̀ láti lo oògùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìròyìn náà, ó sì mọ́ tónítóní. Mo wá ní kí ọmọ náà mú ìwé pélébé tó ń kọ nǹkan sí ní wọ́ọ̀dù wá. Yorùbá ló wà níbẹ̀. Ohun tí màmá sọ ni pé, "Oògùn yẹn ò bá mi lára mu, ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ìtumọ̀ á ti rí i. "Mi ò lò ó" yàtọ̀ sí "kò bá mi lára mu." Ìpinnu wà nínú ti àkọ́kọ́. Ìròyìn nípa ara ló wà nínú ìkejì: ara ló sọ̀rọ̀, màmá kàn ń jíṣẹ́ fún un ni. Mo bi ọmọ náà pé, "Kí ni màmá sọ tẹ̀ lé e?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní táwọn bá ti lò ó, òòyì máa ń kọ́ àwọn táwọn bá dìde, sà." Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù nígbà tí èèyàn bá dìde dúró, pàápàá àgbàlagbà. Òòyì ni àmì rẹ̀, ìṣubú ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán ọmọ náà lọ sí wọ́ọ̀dù wà nínú gbólóhùn yẹn gan-an. Nígbà tí gbólóhùn náà máa fi dé orí ìwé, ó ti di pé aláìsàn ya olórí kunkun.

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé ó jẹ́ ìwádìí ló ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo àwọn iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì fúnra wọn kà sí àgbà iṣẹ́, ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "ìwádìí", ti sọ̀rọ̀ tán. "Wá" àti "ìdí" ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣèwádìí ń wá ìdí nǹkan, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ mọ ìdí ohun tí a ò sún mọ́. Doreen Norton sún mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1962, òun pẹ̀lú McLaren àti Exton-Smith gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilé-ìwòsàn. Apá tí gbogbo ayé fi rántí iṣẹ́ náà ni èyí tó dá lórí egbò tó máa ń yọ sí ìdí àti gìgísẹ̀ ẹni tó bá pẹ́ lórí ibùsùn. Nígbà náà, oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ra ibẹ̀ kí egbò má baà yọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé yíyí aláìsàn padà lóòrèkóòrè ló ń ṣiṣẹ́ ju ohun tí wọ́n ń fi para lọ. Ara iṣẹ́ yìí ni òṣùwọ̀n Norton ti jáde: nǹkan márùn-ún ni nọ́ọ̀sì á wò, ìyẹn bí ara ṣe lágbára sí, bí ọpọlọ ṣe jí sí, bóyá èèyàn lè rìn, bóyá ó lè yí ara rẹ̀ padà, àti bóyá ó ń tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sára. Á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan sí mẹ́rin. Ogún ni ó pọ̀ jù. Ẹni tó bá gba mẹ́rìnlá tàbí tó dín, egbò ń bọ̀ nìyẹn tí wọn ò bá tètè ṣe nǹkan.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí ni ibi tí ìbéèrè rẹ̀ ti wá. Láti inú ohun tí nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láràárọ̀ ni: "Ohun tí à ń pa síbẹ̀ yìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ẹni tí kò bá tíì yí arúgbó padà lórí ibùsùn rí, kò ní ronú kan irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá òṣùwọ̀n náà rò. Nínú nǹkan márààrún, kò sí èyí tó ní kí nọ́ọ̀sì bi aláìsàn pé, "Ibo ló ń dùn yín?" Ojú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, etí ń sinmi.

Etí ni Felicity Stockwell lò. Ní 1972 ó gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó pè ní The Unpopular Patient, ìyẹn aláìsàn tí àwọn nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ràn. Ó bi àwọn nọ́ọ̀sì pé, aláìsàn wo ni ó máa ń wù wọ́n láti tọ́jú, èwo ni kì í wù wọ́n? Ó wá dúró ní wọ́ọ̀dù, ó wo bí wọ́n ṣe ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ó rí i pé àwọn tó wá láti ilẹ̀ mìíràn, àti àwọn tó ti pẹ́ jù ní ilé-ìwòsàn, wà lára àwọn tí a kì í fẹ́ràn. Ó gba ìgboyà kí nọ́ọ̀sì tó lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ní ibi tó kù sí. Tí èèyàn bá kà á, ó lè rò pé inú ara aláìsàn ni àìfẹ́ràn náà wà, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ní 1995, Martin Johnson àti Christine Webb padà sí ìbéèrè náà. Johnson wọ inú wọ́ọ̀dù lọ, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì ń wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló ń dá aláìsàn lẹ́jọ́ láàárín ara wọn, nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, ìdájọ́ náà sì máa ń yí padà. Ẹni tó jẹ́ aláìsàn dáadáa lónìí lè di oníwàhálà lọ́la. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá tó ní oògùn ò bá òun lára mu. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kọ oògùn. Nọ́ọ̀sì tó bá gba iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwé ló máa kà. Kó tó kí màmá, ó ti mọ irú ẹni tí màmá jẹ́. Ṣé ẹ rí bí àṣìtúmọ̀ kan ṣe ń sọ èèyàn di ẹni tí a kì í fẹ́ràn?

Ọ̀rọ̀ wá kan ìrora. Ní 1975, iṣẹ́ méjì jáde tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan wọ wọ́ọ̀dù láìmọ̀ nípa wọn. Ọ̀kan ni ti Jack Hayward ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn pé àwọn aláìsàn tí wọ́n bá ṣàlàyé fún kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, tí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn máa rí fún wọn, kì í nílò oògùn ìrora tó àwọn tí wọn ò sọ nǹkan kan fún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe di oògùn! Ìkejì ni ti Ronald Melzack ní yunifásítì McGill, ní Kánádà. Ó kó ọ̀rọ̀ méjìdínlọ́gọ́rin tí àwọn èèyàn fi ń ṣàpèjúwe ìrora ní Gẹ̀ẹ́sì jọ, ó pín wọn sí ìsọ̀rí ogún, ó ní kí aláìsàn mú èyí tó bá tirẹ̀ mu. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn sí irú iṣẹ́ báyìí?

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló pọ̀ nínú àkójọ Melzack. Àwa kì í fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sọ ìrora, ọ̀rọ̀ ìṣe la fi ń sọ ọ́. Orí ń *fọ́* mi. Inú ń *run* mí. Ẹ̀yìn ń *ro* mí. Ojú egbò ń *ta* mí. Ẹ̀gbẹ́ ń *gún* mi. Eyín ń *dùn* mí. Ẹ wo ìhun rẹ̀ dáadáa: ẹ̀yà ara ni olùwà, èèyàn ni àbọ̀. Ìrora ló ń ṣe wá, a kì í "ní" ìrora. Ohun mìíràn tún ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń tẹ̀ lé ẹ̀yà ara. Ẹni tó bá ní "orí ń run mí" kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gbé ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó máa kó fún aláìsàn ni Yorùbá tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Aláìsàn á kàn mú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Ní ti èyí tó ní kí aláìsàn dárúkọ iye ìrora láti òdo dé mẹ́wàá, mo ti gbọ́ tí bàbá kan dáhùn pé, "Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ márùn-ún.

Ohun tó tún le jù ìyẹn lọ ni ìkíni. Nọ́ọ̀sì á wọlé láàárọ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ara ti le?" Màmá á ní, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi." Ó tún lè jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìsàn, á ní, "Ara mi le, lágbára Ọlọ́run." Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ò ráhùn nǹkan kan. Ìkíni ni wọ́n ń dáhùn, wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè. Florence Nightingale ti rí irú èyí tipẹ́tipẹ́. Nínú ìwé tó kọ ní 1859 lórí ìtọ́jú aláìsàn, ó bá àwọn tó ń bi aláìsàn ní ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn sínú wí. Lójú tirẹ̀, kéèyàn má béèrè bóyá aláìsàn sùn dáadáa; kó béèrè pé wákàtí mélòó ló sùn, àti ìgbà wo lóru. Èèyàn púpọ̀ mọ Nightingale mọ́ àtùpà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbà wọlé, ní 1858, lẹ́yìn tó fi ìṣirò hàn pé àrùn ló pa àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Crimea ju ọgbẹ́ ogun lọ. Ilé-ìwé tó dá sílẹ̀ ní 1860 ni Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt ti kọ́ṣẹ́, kó tó padà wá di métírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní UCH Ìbàdàn. Nítorí náà, ìmọ̀ bíbéèrè ọ̀rọ̀ ti wà nínú ilé wa tipẹ́. A ò kàn bá Yorùbá rẹ̀ débẹ̀ ni.

Ẹnì kan wà tó débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ọpọlọ ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ní 1987, Makanjuola gbé iṣẹ́ jáde lórí ọdẹ orí, àìsàn tí àwọn aláìsàn ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn. Kò fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bò ó. Orúkọ tí àwọn aláìsàn fi ń pè é ló fi ṣe àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè padà sí orísun ọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọmọ practicum fún nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn súpáfáísọ̀ á sọ. Wọ́n á ní ìwádìí gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹni tó ń ṣe é, pé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ "mo rí", "mo gbọ́", ó ti di ìtàn àròsọ. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi kún fún "olùwádìí náà ṣàkíyèsí pé", tí ọmọ tó dúró ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ fi dàwátì nínú iṣẹ́ ara rẹ̀. Èmi ò gbà. Èdè wa ya "mo rí i" sọ́tọ̀ kúrò lára "wọ́n ní" àti "ó jọ pé". Ẹ̀rí ni ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti yọ ohun tí òǹkàwé fẹ́ fi díwọ̀n ọ̀rọ̀ náà kúrò. Isabel Menzies sọ ohun kan tó jọ èyí ní 1960, nígbà tó ṣèwádìí lórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rí i pé wọ́n máa ń fi nọ́ńbà ibùsùn tàbí orúkọ àìsàn pe aláìsàn, wọ́n sì máa ń pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sún mọ́ aláìsàn kan jù. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù ló fà á: iṣẹ́ náà ń dẹ́rù bani, wọ́n sì fi ètò ṣe apata. Nígbà tí mo bá ka ìròyìn tí "àwọn olùdáhùn" kún inú rẹ̀ tí kò sí màmá tàbí bàbá kan níbẹ̀, apata yẹn náà ni mo ń rí.

Wọ́n tún lè sọ pé súpáfáísọ̀ ò tó, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ta ló fẹ́ máa lọ sí wọ́ọ̀dù? Òótọ́ ni, mo sì ti wà nínú iṣẹ́ náà pẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ wá wò. Kò lè rí i tó bá jẹ́ pé orí tábìlì ọ́fíìsì nìkan ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti ń pàdé lórí orí kìíní títí dé orí karùn-ún.

Nǹkan mẹ́ta ni mo dá lábàá. Èkíní, kí súpáfáísọ̀ ka ojú ìwé kan, ẹyọ kan péré, nínú ìwé pélébé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ní wọ́ọ̀dù, kó tó ka orí kankan nínú ìròyìn. Kó béèrè pé, "Ta ló sọ èyí? Báwo ló ṣe sọ ọ́ gan-an?" Èkejì, gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn tí wọ́n bá fà yọ, kí Yorùbá rẹ̀ wà lókè, kí Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀. Ìlà méjì péré ni. Ká ní ìlà òkè wà nínú ìròyìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò ì bá ti rí òòyì màmá.

Ẹ̀kẹta kan ìyọ̀ǹda. Láti ìgbà ìpàdé Helsinki ní 1964 ni àwọn dókítà àgbáyé ti fi òfin ìyọ̀ǹda lélẹ̀ nínú ìwádìí, Nàìjíríà náà sì gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2007. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń rí. Nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ iṣẹ́ dúró lórí ẹni tó wà lórí ibùsùn, ó ní, "Ṣé ẹ gbà, mà?" Màmá ní, "Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ náà ni." Ṣé ìyọ̀ǹda nìyẹn? Nọ́ọ̀sì yẹn kan náà ló máa fún un ní abẹ́rẹ́ lálẹ́, kò jẹ́ sọ pé rárá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kó ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ ọ́ padà, kí lẹ gbọ́ pé mo fẹ́ ṣe?" Tí màmá bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tó sì mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, oúnjẹ àti oògùn òun ò ní yẹ̀, ẹsẹ̀ ìwé náà ti múlẹ̀.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ fi etí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n, ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin, ní Kétu lọ́hùn-ún. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Màá tò wọ́n ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Tí ọmọ másítàs mìíràn bá tún gbé ìwé ìbéèrè wá sílé mi, ohun tí a máa kọ́kọ́ kà pọ̀ nìyẹn, kó tó kọjá lọ sí wọ́ọ̀dù.